Kọ́míìkì Tí Ó Ń Mú Ọmọ Lọ Sí Ayé Ìyá-Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó gba ọkàn ọmọ ọdún mẹ́wàá lóde òní, ẹ wo ìwé tí ó ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Kì í sábà jẹ́ ìwé ìṣirò. Ìtàn aláwòrán ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Bí kò bá sì sí lórí bébà, yóò wà nínú fóònù bàbá rẹ̀. Èyí tí ó dùn mọ́ wọn jù lọ ni èyí tí ọmọdé kan bá ṣí ilẹ̀kùn, tàbí tí ó kó sínú ẹ̀rọ kan, tí ó sì bá ara rẹ̀ ní ayé tí a kò tíì bí bàbá ńlá rẹ̀. Ogun yóò lé e, ebi yóò pa á, ọgbọ́n orí ni yóò sì fi rí ọ̀nà padà sílé.

Àwọn òbí kan a máa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Èmi kò sí lára wọn. Ẹni tí ó bá ti ka Atọ́ka rí, ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1967, tí ó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré wa sọ ìtàn, kò ní ẹnu láti fi bú ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán olóhùn. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé, ayé àtijọ́ ta ni ọmọ náà ń bẹ̀ wò? Fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ Íjíbítì, ilẹ̀ Róòmù àti ààfin àwọn ọba òyìnbó ni. Ọpẹ́ ni pé àwọn ọmọ wa ti ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní ọdún 2017, Roye Okupe gbé Malika jáde, ìtàn ayaba ajagun kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àtijọ́, tí ìtàn rẹ̀ sì wá fò dé ayé òde òní. Ní ọdún 2021 ó gbé Ìyanu jáde, ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ tí a fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2025 ìtàn náà di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú àròsọ ni àwọn ìlú náà, ọmọ kò lè wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìwé kan wà tí ọmọ lè wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ó sọ ìtàn rẹ̀. Àjọ UNESCO ni ó gbé e jáde ní ọdún 2014, lára ọ̀wọ́ ìtàn aláwòrán nípa àwọn obìnrin inú ìtàn Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Funmilayo Ransome-Kuti. Obioma Ofoego ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Alaba Onajin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń bá ẹ̀yin ìyá tí ń gbé Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀ sọ̀rọ̀ jù lọ. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ẹ ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni owó ilé Èkó lé wá síbẹ̀, tí ẹ ra ilẹ̀, tí ẹ sì kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí etí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, lè máa rò pé ọjọ́ tí bàbá òun mọ ògiri yí ilé ká ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ilẹ̀ náà ti rí. Ní ọdún 1918, ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn ènìyàn kọ̀, wọ́n sì jà. Èyí ni Ogun Àdùbí. Wọ́n hú irin ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n sì já wáyà tí a fi ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀nà ojú irin kan náà tí ó gba Ìfọ̀ kọjá ni. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, owó orí sì dúró. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń san án, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọkùnrin kì í san án títí yóò fi pé ọdún 16, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó bá ti pé 15 gbọ́dọ̀ san án. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ẹ̀yin ará Mówè tí Ọ̀fàdà kò jìnnà sí yín mọ ohun tí ìrẹsì jẹ́ fún obìnrin tí ó fi ń tọ́ ọmọ.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí a bí ní ọdún 1900, kì í ṣe obìnrin ọjà. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School, ó sì kàwé dé ìlú òyìnbó. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọ̀làjú ni ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, títí àwọn obìnrin ọlọ́jà fi wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ní ọdún 1946 ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró. Yorùbá ni ó sì ń sọ ní ìpàdé, kí àwọn aláṣẹ òyìnbó máa wá ògbufọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti dùn fún ọmọdé. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni. Ó kọ́ àwọn obìnrin bí a ti í fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, àti bí a ti í gbé agolo rẹ̀ sọ padà fún ẹni tí ó jù ú. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí ó ju 10,000 lọ dúró níwájú ààfin Aláké. Ẹ sọ fún mi, ìtàn akọni inú kọ́míìkì wo ni ó ju èyí lọ? Ní ọdún 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo.

Ẹ má ṣe dúró níbẹ̀ fún ọmọ. Ẹ sọ fún un pé ọba náà padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1950, pé òfin owó orí kò ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan wá, àti pé ọba tí òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó wù ú ní gbogbo ìgbà. Ọmọ tí ó ti mọ ìkà àti akọni inú ìwé tó láti gbọ́ èyí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ ìwé náà jáde. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ tí UNESCO sì fi sí i gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tẹ̀ ẹ́, láti pín in, àti láti túmọ̀ rẹ̀, bí a bá ti dárúkọ àwọn tí ó ṣe é tí a sì fi ìtumọ̀ náà sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà. Kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ tàbí ní mọ́sálásí kan ní Ìbàfò kò lè jókòó tì í? Kí ìyá kan ka Gẹ̀ẹ́sì, kí èkejì sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán. Olùkọ́ tí ó bá ní ọmọ tí ó mọ àwòrán yà sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọmọbìnrin òde òní kan wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun, èyí tí a ṣí ní ọdún 2021, ní Kájọlà, kí ó sùn lọ, kí ó sì jí ní Ìfọ̀ ti ọdún 1947, láàárín àwọn obìnrin tí ó ru ìrẹsì, tí agbowó-orí sì ń béèrè ọdún tí a bí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tètè ṣe é. Ọmọbìnrin tí ó pé ọdún 15 ní 1947, ọdún 1932 ni a bí i. Bí ó bá wà láyé, ó ti lé ní 90 ọdún. Irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́ ní Ìfọ̀, ní Ọ̀fàdà àti ní àwọn abúlé tí ó yí Mówè ká. Kò sì sí àwòrán tí ó lè dáhùn ìbéèrè bí ó ti lè dáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan, ẹ mú àwọn ọmọ lọ kí i ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ẹ mú nǹkan jíjẹ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó orí, nítorí àwọn agbowó-orí ti tú ọmọbìnrin mìíràn sí ìhòòhò láti wò ó bóyá ó ti bàlágà, ìtìjú náà kò sì tán lára ẹni bọ̀rọ̀. Ìrẹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ni ń gbìn ín, ta ni ń gún un, báwo ni wọ́n ti ń gbé e dé ọjà, èló sì ni wọ́n ń tà á. Ọ̀rọ̀ yóò máa fa ọ̀rọ̀. Kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lọ mú pẹ́ńsù dání.