Aláàárù Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn ní ìka, omi pupa lásán ni ojú rí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ awò tí í sọ ohun kíkíní di ńlá, a ó rí i pé ohun wẹ́wẹ́ tí ó rí roboto, tí àárín rẹ̀ sì jìn díẹ̀ bí àwo, ni ó kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni orúkọ wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ, wọ́n tó nǹkan bí 5,000,000.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara gbogbo ohun alààyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dàbí agbo ilé kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ògiri rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn sábà máa ń ní kókó kan láàárín rẹ̀, níbi tí ìlànà iṣẹ́ gbogbo wà ní ìpamọ́. Ó sì ní àwọn ààrò kíkíní tí à ń pè ní mitokọ́ńdíríà, níbi tí oúnjẹ àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti ń di agbára.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa yàtọ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí ó bá sì ń múra láti jáde, a sọ kókó rẹ̀ nù, a sì pàdánù àwọn ààrò rẹ̀ pẹ̀lú, kí àyè lè gba hẹmoglóbínù tí í gbé ọ́síjìn. Aláàárù tí kò ní ààrò kì í dáná lójú ọ̀nà: kò tọ́ ọ́síjìn tí ó rù láti inú ẹ̀dọ̀fóró wò, títí yóò fi jíṣẹ́. Ó ń tẹ ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan tí ó há jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 120 ọjọ́, ó kú.

Ní ọdún 1910, oníṣègùn James Herrick ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ròyìn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbínù gan-an ni àbùkù náà wà. Bí irú hẹmoglóbínù bẹ́ẹ̀ bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á so mọ́ ara wọn bí okùn, á fa sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀, á sì sọ ọ́ di líle. Nígbà náà ni iṣan á dí, eegun á máa ro ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára, tí ojú sì ń pọ́n bí oje ọsàn. Èyí ni fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ tí a ti fi abẹ kọ lára látijọ́ pé àbíkú ni wọ́n, àrùn yìí ni ó mú wọn lọ.

Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá nìkan. Bàbá àti ìyá ni ó jọ fi í fún ọmọ. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 ní Nàìjíríà ni ó ní AS: ara rẹ̀ le, ibà burúkú kò sì tètè pa á ní èwe. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni ìrètí pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

Nítorí náà, kí àfẹ́sọ́nà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí ẹbí tó dá ọjọ́ ìdána. Ẹni tí ó bá sì ní ọmọ SS, kí ó máa fún un ní omi mu nígbà gbogbo, kí ó fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́, kí ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lálaalẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe dúró di ọ̀la.