Gíà Ló Ń Bà Mí Lẹ́rù, Kì í Ṣe Owó Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ èmi àti jíìpù kékeré tuntun tí a fẹ́ rà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wò ó lọ wò ó bọ̀, tí mi ò lè fọwọ́ síwèé. Èmi tí mo kàwé ẹ̀rọ gba oyè kejì nílẹ̀ yìí o! Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ tún fẹ́ lọ ṣe ìdánwò?"

Kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2019, a ra jíìpù kékeré kan, àlòkù ọdún márùn-ún. Ó dára lójú, kì í mu epo púpọ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Lórí 59 ní Houston níbí, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń sáré, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ ò lọ. Àwọn tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ dé ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó jókòó sórí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń gbọ̀n nínú ooru.

Gíà ló lọ. Máìlì 87,000 lọkọ̀ náà ti rìn, wáráńtì sì ti parí ní 60,000. Dọ́là 4,800 ni wọ́n ní ká mú wá. Inú owó tí a ń tọ́jú de yunifásítì Tọ́lá la ti fà á yọ. Wọ́n fi gíà mìíràn sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́dún yìí, a ní ó tó gẹ́.

Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò gba 59 mọ́. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó kún fún iná títì ló ń gbà, ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún àlọ rẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún àbọ̀. Ẹni tó fi gbogbo òru dúró lórí ẹsẹ̀!

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú gíà yẹn. CVT ni wọ́n ń pè é. Ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta nílé: ẹ́ńjìnnì lápá kan, ọlọ lápá kejì, bẹ́líìtì láàárín. Tí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ata ò ní lọ̀. Bí CVT ṣe rí nìyẹn. Kò ní gíà kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Bẹ́líìtì irin tàbí ṣéènì ló ń sáré láàárín pọ́líì méjì; àwọn pọ́líì yìí á máa fẹ̀, wọ́n á máa fún, bẹ́ẹ̀ ni eré ọkọ̀ ṣe ń yí padà láìjá. Àrà tuntun kọ́: ilé iṣẹ́ DAF ní Nẹ́dálándì ti gbé onírọ́bà rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mu epo níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni ooru àti ọ́ìlì tó ti gbó. Tí bẹ́líìtì bá ń yọ̀, á ha pọ́líì, ìbàjẹ́ dé nìyẹn.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní CVT tó ti rin máìlì 160,000. Ní gbogbo máìlì 30,000 ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ojúlówó tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Èmi onímọ̀ ẹ̀rọ yìí, mi ò pààrọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní kò nílò rẹ̀, mo sì gbà. Ìtìjú tèmi nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi: ọ́ìlì inú gíà yìí, títí ayé ni. Mo bi í pé, "Ayé ta ni? Ayé ọkọ̀ ni àbí ayé wáráńtì?" Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún ará ẹ̀yìn. Àkọ́kọ́, ẹ béèrè irú gíà tó wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Mazda CX-5 ní gíà mẹ́fà bíi ti àtijọ́. RAV4 tí kì í ṣe hybrid, láti 2019 dé 2025, gíà mẹ́jọ ló ní. Ti hybrid Toyota, wọ́n ń pe òun náà ní CVT, ṣùgbọ́n kò ní bẹ́líìtì; eyín gíà àti mọ́tò oníná méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ jọra, ìwà ò jọra.

Èkejì, tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, èyí tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17, lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí i bóyá ilé iṣẹ́ ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán ọkọ̀ wò. Gíà tó tutù máa ń díbọ́n bí ọmọlúàbí. Ẹ wà á títí tó fi gbóná. Ẹ̀kẹrin, ẹ ka wáráńtì. Ọ̀pọ̀ ń fúnni ní ọdún márùn-ún tàbí máìlì 60,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì yín. Ẹlẹ́rìí yín ni lọ́jọ́ ẹjọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fọwọ́ síwèé. Hybrid la rà, ìyàwó mi ló mú àwọ̀. Mo ti kọ ọjọ́ ọ́ìlì sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Òun náà ló wà á lọ sílé. Nígbà tí a dé oríta, mo rò pé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló máa yà sí. Kò yà. Ó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ di bẹ́líìtì yín dáadáa," ó sì gbé e sórí 59.

Ẹ máa wakọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ó dàbọ̀.