Ríro Oko Ìkànnì: Ojú-Ewé Wo ni Kí Á Gé, Èwo ni Kí Á Dá Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láyé òde òní, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀ṣọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó ròde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á yẹ bí a ti ń ro ó wò, bí àgbẹ̀ ti ń ro oko ẹ̀gẹ́.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni àpẹẹrẹ wa. Ní ọdún 2022, Pólì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìkòròdú, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1977, di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ. Lọ́dún kan náà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Noforija, Ẹ̀pẹ́, dara pọ̀ mọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà, wọ́n sì di Yunifásítì Ètò-Ẹ̀kọ́. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò tán lẹ́nu ènìyàn. Bí ọmọ kan bá tẹ orúkọ àtijọ́ sí Google, tí ó sì bọ́ sórí ìkéde tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àǹfààní ìgbàwọlé lè fò ó dá.

Báwo ni ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́? Google a máa rán ètò kan jáde tí ń ti ojú-ewé kan bọ́ sí òmíràn, tí ń kà wọ́n, tí ó sì ń kó ohun tí ó kà sínú àká. Inú àká yìí ni ìdáhùn ti ń jáde. Bí ojú-ewé mẹ́ta bá ń sọ ohun kan náà, ẹ̀rọ ní láti yan ọ̀kan, ó sì lè ṣi èyí tí ó yẹ yàn. Ní 2011, Google gbé ètò Panda jáde láti rẹ ìkànnì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láárí sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé kí á ṣáà máa gé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó gbó kọ́ ni pàǹtí. Ní oṣù kẹjọ 2023, ìròyìn jáde pé CNET ní Amẹ́ríkà ti yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àròkọ àtijọ́ kúrò. Google fèsì ní gbangba pé ọjọ́ orí nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ojú-ewé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni kí á pín wọn sí:

(1) Èyí tí ó wúlò ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di tàná: kí á tún un kọ, kí á má yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà.

(2) Àwọn tí ń sọ ohun kan náà: kí á pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan, kí á sì fi àmì 301 darí àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun. Kí á má darí gbogbo wọn sí ojú-ewé àkọ́kọ́ o. Ẹni tí ń wá nǹkan kò ní rí i níbẹ̀.

(3) Èyí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́: kí á yọ ọ́, kí àmì 404 tàbí 410 fi hàn pé kò sí mọ́. Kí á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́.

Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nínú èyí tí à ń gé. Ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ní Pólì Ìkòròdú ní 1995 ń wá iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọ̀gá tí yóò gbà á lè wá orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà. Bí a bá ti pa á rẹ́ pátá, ta ni yóò jẹ́rìí fún un? Kí á dá irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ sí, kí á kọ ọdún rẹ̀ àti orúkọ tuntun sí orí rẹ̀ gàdàgbà.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a máa wo ìdí ẹ̀gẹ́ kí ó tó sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa kà kí á tó gé.