Ìṣeéṣe àti Ọmọ tí a ó Bí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń fi ojú kékeré wo ìwé ìṣírò tí ó dá lórí ìṣeéṣe. Bí wọ́n bá ti ṣí i, owó onírin tí a ń jù sókè ni wọn a kọ́kọ́ bá pàdé. Wọn a ní, “Kí ni èyí wà fún bí kò ṣe fún àwọn atatẹ́tẹ́?” Ìwé tí William Feller kọ, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, kò yọ owó onírin sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi máa ka orí karùn-ún rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti di ti ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé olúkúlùkù wa.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a to gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà rí lẹ́sẹẹsẹ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹyọ mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣíjú sókè. Bí a bá ń sọ iye náà di ìlọ́po méjì lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó ní 256, èyí tí í ṣe iye Odù Ifá.

Ẹ jẹ́ kí a wá to ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS bákan náà. Baba lè fún ọmọ ní A tàbí S. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà: AA, AS, SA àti SS. SS yìí ni àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, 1/4.

Níhìn-ín ni àṣìṣe ńlá wà. Àwọn mìíràn rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Rárá o! Ẹ̀kọ́ kejì ni pé owó onírin kò rántí ojú tí ó fi lélẹ̀ lánàá. Oyún kò mọ ohun tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. 1/4 ni lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Bí tọkọtaya yìí bá bí ọmọ mẹ́rin, ìṣeéṣe pé kò ní sí SS kankan láàrin wọn jẹ́ 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4, èyí tí í ṣe 81/256. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ a máa yí ìṣeéṣe padà. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ́ ọmọ irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀, tí ó sì dá a lójú pé òun kì í ṣe SS. Kí ni ìṣeéṣe pé AS ni? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ìdajì. Ṣùgbọ́n SS ti kúrò nínú mẹ́rin. Ó ku mẹ́ta, méjì nínú wọn sì jẹ́ AS. Nítorí náà, 2/3 ni. Ara líle rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó yan aya.

Ìwé ìṣeéṣe kò lè sọ ọmọ tí àrùn yóò mú fún wa. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi bí ewu náà ti tóbi tó hàn wá, nígbà tí àyè àti yan ṣì wà. Òkèèrè sì ni olójú-jíjìn ti í mú ẹkún sun.