Rupee Kan Lórí Ọgọ́rùn-ún: Ẹ̀bùn Ọdún Diwali ní Íńdíà

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn a máa kó ìrònú bá ọ̀pọ̀ nínú wa. Ta la ó fún? Kí la ó fún un? Níbo lowó ti máa wá? Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká yọjú wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe tiwọn.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Diwali. Oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ló máa ń bọ́ sí, lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá kì í yọ. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á to fìtílà alámọ̀ síwájú ilé, kí Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, lè wọlé wá. Ẹ ò rí i pé ọdún ọlọ́jà ni? Lápá àríwá, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Dhanteras, ni wọ́n ń ra wúrà, fàdákà àti ìkòkò idẹ. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé wúrà a ra ṣíbí kan, òun náà ti rà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, páálí oúnjẹ dídùn á máa ti ilé dé ilé. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni kaju katli, tí wọ́n fi kajú lílọ̀ àti ṣúgà ṣe. Kajú tiwa yìí náà ni o! Àwọn Potogí ló gbé igi rẹ̀ láti Brazil lọ sí Íńdíà. Íńdíà sì wà lára àwọn tó ń ra kajú Nàìjíríà. Ta ló mọ̀ bóyá èyí tẹ́nì kan dì sápò l'Ógbòmọ̀ṣọ́ wà nínú páálí ọdún wọn?

Òmíràn ni soan papdi. Ìyẹn kì í tètè bàjẹ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n fún á tún gbé e fún ẹlòmíràn láì ṣí i. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé páálí kan lè yí àdúgbò po, kó tún padà sílé ẹni tó rà á. Àbí àwa náà ò mọ abọ́ òde àríyá tó ń ti ilé dé ilé?

Wọn kì í gbàgbé òṣìṣẹ́. Àṣà ni kí ọ̀gá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó ọdún ṣáájú Diwali. Ẹ̀yin ìyá wa, kí la máa ń fún ọmọ tó ń bá wa tajà àti alábàárù tó ń bá wa rẹrù?

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, Bhai Dooj, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Obìnrin á fi àmì sí iwájú orí arákùnrin rẹ̀, á gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un, á bọ́ ọ. Arákùnrin náà á fún un lẹ́bùn. Bó bá jẹ́ owó, rupee 101 tàbí 501 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, kì í ṣe 100 tàbí 500. Wọ́n ní owó tó parí sí òdo ti parí nìyẹn. Ẹyọ kan orí rẹ̀ ló ń ṣínà fún òmíràn. Kódà, àpòòwé tí wọ́n ti lẹ owó ẹyọ rupee kan mọ́ wà lọ́jà wọn.

Ẹ̀yin oní-gàrí, ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ṣé èènì kọ́ nìyí? Èènì ò sọ oníbàárà di olówó, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kó padà wá.

Ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń fi owó àjọ ra ẹ̀bùn níparí ọdún, tí wọn kì í ní owó ọjà lọ́wọ́ mọ́ bí oṣù kìíní bá dé. Ẹ̀bùn tó bá sọ ọlọ́jà di ajigbèsè, gbèsè ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ò lè ra wúrà, kó ra ṣíbí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ká fi fúnni, ká má sì gbàgbé èènì.

Ọdún á yabo o. Àṣẹ.