Ohun Tí Ń Mú Ọmọ Ilé-Ìwé Ṣa Ike

Ní ọdún 2019, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ilé-ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀, ní ìlú Èkó, ń gba àlòkù ike lọ́wọ́ àwọn òbí dípò owó ilé-ìwé. Morit International School ni ilé-ìwé náà, ẹgbẹ́ African Cleanup Initiative ni ó sì bá a dá ètò náà sílẹ̀. Òbí a máa ru àpò ike wá, wọn a gbé e lé orí ìwọ̀n, wọn a sì yọ iye owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí òbí náà níláti san. Àwọn tí ń sọ àlòkù di ohun èlò titun ni wọ́n ń ra ike náà.

Ǹjẹ́ owó nìkan ni ó tó láti mú ọmọ fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí? Òtítọ́ ni pé òbí tí wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ wálé rí nítorí owó ilé-ìwé yóò mọ iyì ike tí ẹlòmíràn sọ nù. Ṣùgbọ́n iye tí a ń ra ike a máa lọ sókè, a sì máa wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni òpó kan ṣoṣo tí ilé dúró lé, ọjọ́ tí òpó bá yẹ̀ ni ilé yóò wó.

Wọ́n ti dán irú ètò yìí wò ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú. Ilé-ìwé Akshar ní ìpínlẹ̀ Assam, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú ike 25 wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú èyí, àwọn ará àdúgbò a máa fi ike dáná yá nígbà òtútù, láìmọ̀ pé èéfín rẹ̀ léwu. Àwọn ọmọ kọ́ nípa ewu náà. Wọ́n ki ọ̀rá sínú ìgò oníke títí ó fi le bí bíríkì, a sì fi í kọ́ nǹkan sínú ọgbà ilé-ìwé. Wọ́n mọ ìdí iṣẹ́ náà, ojú wọn sì rí èrè rẹ̀.

Nítorí náà, owó lè mú ọmọ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òye ni yóò mú un dúró. Ẹ jẹ́ kí a wọn ohun tí àwọn ọmọ bá kó jọ lójú wọn, kí a sì sọ ibi tí ó ń lọ fún wọn. Kí olùkọ́ pẹ̀lú má ṣe ju ọ̀rá omi sínú gọ́tà, nítorí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ àgbà ni yóò gbé délé.