Ẹ Jẹ́ Kí Omi Gbó Kí Ẹ Tó Da Ọmọ Ẹja Sínú Táǹkì Tuntun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilẹ̀ oko kò sí mọ́ ní Dọ̀pẹmu bí ó ti wà láyé àwọn baba wa. Ilé ti kún láti ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta títí dé Akówónjò àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n àyè kékeré tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé tó fún táǹkì ẹja àrọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Oṣù kìíní táǹkì tuntun ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé nínú oṣù náà ni owó máa ń ṣègbé jù. Ẹni tí ó yá owó ẹgbẹ́ a mọ táǹkì, a pọn omi tí ó mọ́ gaara sínú rẹ̀, a sì da ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja sí i lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òkú ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí léfòó. A ó wá gbọ́ pé ẹja aláìsàn ni wọ́n tà fún un, tàbí pé ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ òórùn tí í máa ta ni lójú nínú ilé adìẹ tí a kò tíì gbá. Ẹ sì mọ̀ pé ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó ewébẹ̀, àfi bí a bá kọ́kọ́ kó o jọ kí ó jẹrà. Amóníà ni orúkọ ohun tí ń ta ni lójú náà. Ẹja pẹ̀lú ń tú u jáde, èyí tí ó pọ̀ jù sì ń gba ibi tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí jáde. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù tí ó sì rà nísàlẹ̀ táǹkì a tún fi kún un. Bí a kò bá rí ohun tí yóò yí i padà, inú májèlé ara rẹ̀ ni ẹja ń gbé.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń yí i padà. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, yọ wọ́n sọ́tọ̀ láti inú ilẹ̀, tí ó sì fi hàn pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kìíní a sọ amóníà di náítíráìtì, májèlé ni èyí náà. Ọ̀wọ́ kejì a sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja níbi, tí ewéko sì fẹ́ràn púpọ̀. Ara ògiri táǹkì, ara òkúta àti inú ìdọ̀tí tí omi ń gbà kọjá ni wọ́n ń gbé. Táǹkì tuntun kò ní wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ wọn. Nígbà náà ni a ń sọ pé omi ti gbó.

Ohun kan ń tan àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ jẹ. Ẹja yìí ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà a máa yè nínú omi tí yóò pa epìyà. Àwọn ènìyàn a wá rò pé kò sí omi tí kò lè gbà. Mímí lókè omi kò gbà á lọ́wọ́ amóníà rárá, àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹyin kò sì tíì ní ẹ̀yà ara náà.

Sìmẹ́ńtì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Sìmẹ́ńtì tútù a máa sọ omi dà bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, nínú irú omi bẹ́ẹ̀ sì ni amóníà ti ń burú jù lọ. Ẹ pọn omi kún táǹkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, ẹ sì tún un ṣe títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan a máa gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò dída omi náà nù, ẹ sì gbọ́dọ̀ kó o kúrò kí ẹja tó dé.

Omi bọ́ọ̀hóòlù kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú bí ó ti ń jáde láti inú ilẹ̀, ó sì lè ní ìpẹtà irin tí ń pọ́n garawa. Ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè bí òjò kí ó tó wọ táǹkì. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní oògùn tí a fi ń pa kòkòrò. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gbangba fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ yín kan tí táǹkì rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn. Ẹ gba òkúta mélòó kan àti garawa omi ìsàlẹ̀ táǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dà á sínú tiyín láìjẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí omi náà lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja ti wà níbẹ̀, kí àwọn kòkòrò náà lè rí jẹ. Oògùn olómi kan wà tí a ń kán sínú omi láti fi mọ bí amóníà àti náítíráìtì ti pọ̀ tó; kí ẹgbẹ́ ra ọ̀kan kí gbogbo yín máa lò ó.

Bí oògùn náà bá fi hàn pé omi ti gbó, ẹ má ṣe kó ẹgbẹ̀rún ẹja wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kó wọn ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀rá wọn léfòó lórí omi fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sì máa bu omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí oúnjẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Láti ọjọ́ kejì, ohun tí wọn yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ máa fún wọn.

Àṣà kan wà tí a kò fẹ́ràn: kí a da gbogbo omi nù kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì bó ògiri táǹkì títí yóò fi funfun. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ gbogbo omi lójoojúmọ́ lè ṣe é láìsí àwọn kòkòrò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kí ó ka iye owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ó fi ń fa omi. Ìdá kan nínú mẹ́ta omi ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kápúsù tí àwọn kan ń tú sínú omi: ó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, tí ó sì ń dúró gbọnrangandan létí omi, ẹ dá oúnjẹ dúró kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi kòkó, náítíráìtì ni. Ẹ ṣírò omi yín: gígùn, ìbú àti jíjìn ní mítà, kí ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Táǹkì mítà mẹ́ta sí méjì tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan gba 6,000 lítà. Kìlò kan iyọ̀ ìsebẹ̀ ni a ń yọ́ fún 1,000 lítà, nítorí náà kìlò mẹ́fà ni yóò gbà. Omi tí ẹ bá gbọ́n jáde ṣáájú kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, ẹ dà á sí ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Èyí tí ó bá ti ní iyọ̀, ẹ má ṣe dà á sí ìdí ohun ọ̀gbìn.